Ohun Tí Mo Fi Ara Mi Dán Wò ní Douala

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìdìbò ẹ̀ka. Ọ̀rọ̀ ara mi ni. Ojú máa ń ti olùkọ́ láti fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí kò gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó tì mí.

Ó lé ní ọdún 15 tí mo ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀kọ́ nípa ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti sọ̀rọ̀ nípa akoto, nípa bàtà onírin, nípa ohun tí a fi ń dí etí nítorí ariwo ẹ̀rọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹnikẹ́ni wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ọmọ ọdún 46 ni mí nígbà tí a kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kì í sì í ṣe nílé. Ní Douala ni, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù.

Iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olóṣù mẹ́fà ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá tí ì dé Douala rí, kí ó ro Èkó tí ń sọ èdè Faransé. Ìlú èbúté ni, ó wà lẹ́bàá odò Wouri níbi tí odò náà ti ń wọ inú òkun. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí ń gbẹ aṣọ. Èyí tí ń rẹ aṣọ ni. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ láàrin ọdún kan lé ní ìlọ́po méjì ti Èkó. Àwọn ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní bensikin pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Bí ẹ bá dúró létí títì fún ìṣẹ́jú kan, mẹ́ta yóò ti dúró níwájú yín. Ohun tí èyí sọ mí dà ni pé n kì í rìn mọ́. Láti ilé tí mo wọ̀ sí ní Akwa dé ibi iṣẹ́ wa ní Bonanjo, ẹsẹ̀ lè rìn ín láàrin nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú. Bensikin ni mo ń gùn, àlọ àti àbọ̀. Bí mo bá dé, mo jókòó. Bí mo bá kúrò nínú ìpàdé kan, mo tún jókòó sínú òmíràn.

Oúnjẹ ńkọ́? N kò ní tàn yín, ẹnu mi gbádùn. Ní àárọ̀, puff-puff àti ẹ̀wà pẹ̀lú ògì gbígbóná, tí àwọn ìyá ń tà létí títì. Ní ọ̀sán, ndolé, èyí tí í ṣe ewúro tí a fi ẹ̀pà àti edé sè, pẹ̀lú miondo, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí a lọ̀, tí a wé tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ewé bí okùn. Ní alẹ́, ẹja yíyan. Nínú gbogbo rẹ̀, Maggi kì í gbẹ́yìn. Nígbà tí ó di oṣù kejì, mo lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì mi, mo sì rò pé àlàáfíà ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwọn òṣìṣẹ́ ṣe àpèjọ, wọ́n sì pe nọ́ọ̀sì kan kí ó wá máa wọn ìfúnpá lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wọlé. Nígbà tí ìlà tán, ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó sì bi mí ní èdè Píjìn pé, “Pápá, ẹ̀yin ńkọ́?” Mo jókòó. 158 lórí 98. Mo ní ooru ni. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n má sì sọ̀rọ̀, èyí tí ó nira fún olùkọ́. Ó tún wọ̀n ọ́n: 154 lórí 96. Ó wá ní, “Pápá, bí ooru bá tilẹ̀ ṣe nǹkan sí ìfúnpá, wálẹ̀ ni ó máa ń mú un wá.”

Nígbà tí mo ń lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, awakọ̀ kan ni mo ń rántí. Ọmọ ẹ̀ka wa ni, òun ni ó máa ń gbé wa lọ sí ìpàdé. Wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lo oògùn fún oṣù kan, ara rẹ̀ yá, ó pa á tì. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni ó ṣubú sí. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi kú. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére tí ẹgbẹ́ kà níbi ìsìnkú rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ikú dóró. N kò kọ ohun tí ó pa á.

Nọ́ọ̀sì náà ti kìlọ̀ fún mi pé a kì í fi ìwọ̀n ọjọ́ kan ṣe ìdájọ́. Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan, irú èyí tí a ń wé mọ́ apá lókè ìgúnpá, mo sì ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń wọ̀n ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ̀rọ yìí nílé tí wọn kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ má mu kọfí, ẹ má sì mu sìgá fún ìdajì wákàtí ṣáájú. Ẹ jókòó, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàrin wọn, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ méje. Ẹ pa ti ọjọ́ kìíní tì, nítorí ara máa ń ṣe ojo sí ẹ̀rọ tuntun. Ẹ ro ìyókù pọ̀, kí ẹ sì pín in. Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tí ọkàn bá sinmi. Bí ó bá tó 140 lórí 90 ní ilé ìwòsàn, tàbí 135 lórí 85 nílé, tí kò sì sọ̀kalẹ̀, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwàdà. Tèmi lẹ́yìn ọjọ́ méje: 147 lórí 93.

Dókítà tí mo tọ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mi wò, ó yẹ kíndìnrín àti ọkàn wò, kò rí ìpalára kankan. Ó ní òun yóò fún mi ní oṣù mẹ́ta láti rìn, láti dín iyọ̀ kù, kí n sì padà wá. Ibẹ̀ ni ìdánwò mi ti bẹ̀rẹ̀.

Fóònù mi ń ka ìṣísẹ̀ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wò ó, ìṣísẹ̀ 2,900 ni mo ń rìn lójúmọ́. Ojú tì mí, nítorí mo ti gbọ́ pé 10,000 ni ó yẹ. Mo wá wádìí ibi tí 10,000 yìí ti wá. Ní ilẹ̀ Japan ni, ní ọdún 1965, ọdún kan lẹ́yìn Ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo. Ilé-iṣẹ́ kan ṣe ẹ̀rọ tí ń ka ìṣísẹ̀, wọ́n sì pè é ní manpo-kei, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹ̀rọ ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni! Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà wá wọ̀n ọ́n lára àwọn ìyá àgbà tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 72, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, wọ́n rí i pé àwọn tí ń rìn ní nǹkan bí 4,400 kì í tètè kú bí àwọn tí ń rìn ní 2,700, àti pé lẹ́yìn 7,500, àfikún èrè kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ pé ẹ kò lè rìn ní 10,000, tí ẹ fi jókòó, ẹ gbọ́ o.

Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó kàn wá jù lọ ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n sì ti ṣe é. Dókítà Jerry Morris ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń wá ohun tí ń fa àìsàn ọkàn, èyí tí ń pa àwọn ọkùnrin ní rẹpẹtẹ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Nínú bọ́ọ̀sì kan náà, òṣìṣẹ́ méjì ni ó wà. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń sọ̀ wálẹ̀, ó ń gba owó ọkọ̀. Ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn tí ó ń gùn tó 500 sí 750 lójúmọ́. Ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà, ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí Morris tẹ ìwádìí náà jáde ní 1953, ó hàn pé àìsàn ọkàn tí ń ṣe àwọn awakọ̀ pọ̀ ju ti àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, ó sì ń tètè pa wọ́n jù. Ó wo ilé ìfìwéránṣẹ́ náà: àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà sàn ju àwọn tí ó jókòó ti tẹlifóònù lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára ọkùnrin yìí ni pé kò dúró síbẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé: àbí àwọn tí ó ti sanra tẹ́lẹ̀ ni ó ń yan iṣẹ́ awakọ̀? Ó lọ wo ìwé tí wọ́n fi ń rán ṣòkòtò iṣẹ́ fún wọn, ó sì rí i pé ìbàdí àwọn awakọ̀ ti tóbi ju ti àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà wọ́n síṣẹ́. Ó tẹ ìyẹn náà jáde ní 1956, bí ó tilẹ̀ dín ògo ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ kù díẹ̀. Àwọn ìwádìí tí ó ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ìrìn àti eré ìdárayá ń dáàbò bo ọkàn lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣe eré ìdárayá, ọmọ ọdún 99 ni ó sì jẹ́ nígbà tí ó kú ní 2009. (Ẹ má ṣe sọ fún mi pé kí kọ̀ńdọ́kítọ̀ danfo wa máa dúpẹ́ pé òun ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Èéfín tí ó ń fà símú àti ewu ìṣubú wà níbẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi ìwádìí ìlú mìíràn bo ìyà ilé mọ́lẹ̀.)

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Akwa lọ sí Bonanjo ní agogo mẹ́fà àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Àwọn oníbensikin ń fọn fèrè sí mi, wọ́n rò pé owó ti tán lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, mo yọ Maggi kúrò nínú ọbẹ̀ mi. Ìfúnpá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, inú mi dùn, àfi ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan, onímọ̀ ìṣirò, béèrè èwo nínú méjèèjì ni ó ṣiṣẹ́. N kò lè dáhùn. Ẹni tí ó bá fi ara rẹ̀ dán nǹkan wò kò gbọ́dọ̀ yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dá ìrìn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, iyọ̀ nìkan ni mo dínkù: ìwọ̀n mi wà ní 143 lórí 90. Mo tún fi ìrìn kún un. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mo ń rìn ní ìṣísẹ̀ 7,500 lójúmọ́, ìwọ̀n mi sì jẹ́ 139 lórí 87. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí a ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn síbí kékeré kan, ti inú kóró ọbẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

139 lórí 87 sàn, ṣùgbọ́n kò tíì wọlé. Dókítà kọ oògùn fún mi, ẹyọ kan lójúmọ́. Mo gbà á bí ẹni tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Kò pé oṣù kan tí mo fi dé 126 lórí 80. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo fi ń pe ara mi ní aláìgbọ́n. Mo ti ń kà nípa àwọn oníṣègùn tí wọ́n fi ara wọn dán nǹkan wò. Werner Forssmann, ará Jámánì, ti rọ́ọ̀bù tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú iṣan apá rẹ̀ dé inú ọkàn ara rẹ̀ ní 1929, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn ní 1956. Barry Marshall, ará Australia, gbé kòkòrò àìsàn mu ní 1984 kí ó lè fi hàn pé kòkòrò ni ó ń fa ọgbẹ́ inú. Òun náà gba Nobel ní 2005. Mo ní èmi náà yóò dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí n wò ó. Ní ọjọ́ kẹfà, 146 lórí 92 ni ẹ̀rọ kà, ara kò sì ro mí níbì kan. Orí kò fọ́ mi, ojú kò sì ṣú mi. Mo wo nọ́ńbà yẹn, mo rí awakọ̀ wa.

Dókítà kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn béèrè bóyá mo lè yọ bíréèkì ọkọ̀ mi dànù nítorí pé ọkọ̀ náà kò tí ì kọlu ẹnikẹ́ni. Mo padà sídìí oògùn mi lọ́jọ́ náà. Iyọ̀, ìrìn, oorun, ìwọ̀nyí ni ẹ lè fi ara yín dán wò. Oògùn tí dókítà kọ kò sí lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ rántí Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, tí ó ṣubú ní Pápá Ìṣeré ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí a ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Angola. Àwọn ará Kamẹrúùnù ní tiwọn: Marc-Vivien Foé, ọmọ ọdún 28, tí ó ṣubú ní Lyon ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2003. Agbára wà lára àwọn méjèèjì ju tèmi àti tiyín lọ. Ọkàn wọn ni ó ní àléébù. Ní Kamẹrúùnù, àwọn oníṣègùn ọkàn kò pọ̀, Douala àti Yaoundé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà. Ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kan níbẹ̀, Arthur Zang, ṣe ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí ó pè ní Cardiopad. Nọ́ọ̀sì abúlé yóò so àwọn wáyà rẹ̀ mọ́ àyà aláìsàn, ẹ̀rọ náà yóò ya bí ọkàn ti ń lù, yóò sì fi ránṣẹ́ lórí ìkànnì fóònù sí oníṣègùn tó wà ní ìlú ńlá. Ó gba Ẹ̀bùn Rolex ní 2014, ó sì gba Ẹ̀bùn Áfíríkà ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2016. Ọmọ Áfíríkà ni ó rí ìṣòro Áfíríkà, tí ó sì yanjú rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó mọ̀ wá. Èyí tí a ń fi há ìka láti wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé àṣìṣe rẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun, tí yóò máa sọ pé afẹ́fẹ́ tó nígbà tí kò tó. Aago ọwọ́ olówó pọ́ọ́kú tí ó ní òun ń wọn ìfúnpá pẹ̀lú, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.

Ohun tí ó kù kan ẹgbẹ́ ní tààrà. Ní 2018, àwọn olùkọ́ ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà dáṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 55 tó wà níbẹ̀. Owó oṣù àti owó ìtọ́jú ìlera ni olórí ìjà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó bí wọn nínú púpọ̀: ètò kan pé kí olùkọ́ kó ètò orí fóònù tí ń ka ìṣísẹ̀ àti ìṣe rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá kópa yóò máa san dọ́là 25 lóṣooṣù. Ìjọba ti sọ pé kò ní jẹ́ dandan mọ́ kí ìdáṣẹ́sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò tíì tán. Èmi tí mo ń ka ìṣísẹ̀ ara mi ni mò ń sọ fún yín: ìwé àkọsílẹ̀ mi wà nínú àpótí mi. Bí ó bá dé orí tábìlì ọ̀gá, ó ti di ohun mìíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé fi ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Àsìkò ìsinmi fún awakọ̀, omi mímu àti ilé ìtọ̀ fún ẹni tí ń dúró látàárọ̀, ẹni tí yóò wọn ìfúnpá lẹ́ẹ̀kan lóṣù láìkọ orúkọ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni: ìwọ̀nyí ni ẹ lè gbé wá sórí tábìlì ìjíròrò, kí aago ìka-ìṣísẹ̀ ọ̀fẹ́ tó ṣáájú wọn.

Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀ka wa ra ẹ̀rọ kan sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìwépá méjì, ti kékeré àti ti ńlá, nítorí ìwépá tí ó há máa ń parọ́. Olúkúlùkù ń kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀, ó sì ń mú un lọ sílé. Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, baba tí ń ṣọ́ ẹnubodè wa wọlé, wọ́n ní àwọn kàn wá wo ohun tí à ń ṣe ni. A wọn tiwọn lẹ́ẹ̀mẹta: 171 lórí 104 ni èyí tí ó kéré jù. Wọ́n ní àwọn kò ṣàìsàn. Mo lọ gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi wá, mo ṣí ojú ewé kìíní fún wọn, wọ́n sì wò ó pẹ́. Mo ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n dìde, wọ́n fi fìlà dé orí, wọ́n béèrè bóyá ó jìnnà. Mo ní kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni a ó wọ̀ lọ. Ní bíbọ̀, bí dókítà bá gbà, a lè rìn.